Wọ́n Ní Kẹ́hìndé Jẹ́ Àtúnkọ Táyé

Àwọn ìbejì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ tí lẹ́tà ọsibítù dé bá wa ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Àbúrò mi ọkùnrin gbé e wá bá mi ní ilé ìdáná, ó nà án sí mi, kò sọ nǹkan kan. "Baby Girl B" ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, orúkọ ìdílé wa tẹ̀ lé e, iye tí wọ́n ń bèèrè sì jẹ́ $5,318. Ọmọ tí kò tíì lè gbé orí ara rẹ̀ dúró ti jẹ gbèsè.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kúkú máa san án díẹ̀díẹ̀," ló wí. "Wọ́n ní àwọn lè pín in sí oṣù méjìlá. N kò fẹ́ kí wọ́n ba orúkọ mi jẹ́."

Mo ní bíìlì Táyé ńkọ́? Ó ní ìnṣọ́ránsì ti san ti Táyé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló wà láàárín bí àwọn méjèèjì ṣe dé. Yàrá kan náà ni wọ́n tẹ́ wọn sí, òru méjì ni wọ́n lò níbẹ̀, àìsàn kankan kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Mo ní kó lọ wá ìwé kejì wá, èyí tí kì í ti ilé ìwòsàn wá, tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń fi ránṣẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n kọ "This is not a bill" sí lókè. EOB ni gbogbo wa ń pè é níbí. Inú ọ̀rá tí wọ́n ń kó ìwé ìpolówó ọjà sí ló ti rí i. Ìdí tí wọn kò fi san kò ju ìlà kan lọ: ìwé ìbéèrè owó yìí jẹ́ àtúnkọ èyí tí a ti san ṣáájú.

Wọ́n ní Kẹ́hìndé jẹ́ àtúnkọ Táyé.

Màmá wa wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n ti Ìbàdàn wá wẹ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo túmọ̀ ìlà yẹn fún wọn, wọ́n sọ Kẹ́hìndé kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn, wọ́n wò ó lójú. "Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò! Ta ló ń wo ara àbúrò da ẹ̀gbọ́n kọ?" Inú bí wọn gidi. Mo sọ fún àbúrò mi pé kó má san kọ́bọ̀, kó fà síwájú, kí a jókòó ti ìwé náà.

Mo mọ ibi tí ìkánjú rẹ̀ ti wá. Nílé níbi tí a ti dàgbà, owó ló máa ń ṣáájú. Ẹ ó ra káàdì, ẹ ó sanwó láàbù, ẹ ó mú rìsíìtì lọ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ lára yín. Òfin NHIA ti ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera, síbẹ̀ owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń kó lọ sí ọsibítù. Ìyà ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ san owó lé lórí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á tọ́jú yín, wọ́n á kí yín pé ó dàbọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tí ẹ kò rántí pé ẹ bá pàdé. Ẹni tí wọ́n sì fi ìbẹ̀rù gbèsè tọ́ dàgbà kì í fẹ́ kí olówó kan ilẹ̀kùn òun lẹ́ẹ̀mejì. Àwa ará ilé tí mo mọ̀ ní Houston níbí, a máa ń tètè san. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi san bẹ́ẹ̀ láì bèèrè nǹkan kan, mo sì gbà pé ìwà ọmọlúàbí ni mo ń hù.

Ìwé mẹ́rin tó dé sí mi lọ́dún 2023 ló là mí lójú.

Mo ti pé ọmọ ọdún 46 nígbà náà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ tó ń gba orílẹ̀-èdè yìí nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ìdènà àrùn, US Preventive Services Task Force, ti ní kí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá máa bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 45, kó má dúró de 50 mọ́. Ikú Chadwick Boseman kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òṣèré ni, oṣù kẹjọ ọdún 2020 ló kú, ọmọ ọdún 43 ni, jẹjẹrẹ yìí kan náà ló sì pa á. Àwa aláwọ̀ dúdú ni àrùn yìí ń mú tó sì ń pa ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ níbí. Nítorí náà, nígbà tí dókítà mi kọ ìwé pé kí n lọ ṣe colonoscopy, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba ìdí tì bọ inú ìfun ńlá, n kò jiyàn. Òfin Affordable Care Act ti ọdún 2010 sọ pé irú àyẹ̀wò ìdènà báyìí, tí ẹ bá ṣe é lọ́dọ̀ àwọn tó bá ìnṣọ́ránsì yín ní àdéhùn, ẹ kò gbọ́dọ̀ san nǹkan kan lórí rẹ̀. Bí dókítà bá rí kókó kékeré kan tó sì gé e kúrò lójú ẹsẹ̀, ìyẹn náà wà nínú àyẹ̀wò ọ̀hún, ọ̀fẹ́ ni.

Wọ́n rí ọ̀kan, wọ́n gé e. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìwé mẹ́rin dé: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀kan láti ibi tí a ti ṣe é, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fún mi ní oògùn oorun, ọ̀kan láti láàbù tó yẹ kókó náà wò. Mo ro wọ́n pọ̀, ó di $3,146. Wọ́n ní deductible mi ni, ìyẹn iye tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ san lọ́dún kí ìnṣọ́ránsì tó dá sí i.

Mo ti kọ nọ́ńbà káàdì báǹkì mi sórí ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìjọ, tó ń fi kíkọ kóòdù ọsibítù jẹun, ló béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìsìn pé, "Kóòdù wo ni wọ́n kọ?" Mo ní kóòdù kẹ̀? Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní kò sí kóòdù kankan lórí rẹ̀, àròpọ̀ owó lásán ni. Ó ní kí n má san án, kí n pè wọ́n pé mo fẹ́ bíìlì tó to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kóòdù rẹ̀ àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ìjọ, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n.

Ọ̀wọ́ kóòdù méjì ló ṣe pàtàkì jù. Èkíní ń sọ ohun tí wọ́n ṣe fún yín. CPT ni orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún ni, American Medical Association ló ni ín, láti ọdún 1966 ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Èkejì ń sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. ICD-10-CM ni wọ́n ń pe ìyẹn, lẹ́tà kan máa ń ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, iye rẹ̀ sì lé ní 70,000. Gbòǹgbò rẹ̀ jìnnà. Ará Faransé kan, Jacques Bertillon, ló to orúkọ àwọn ohun tó ń pa èèyàn jọ lọ́dún 1893 kí ìlú kan lè fi iye òkú rẹ̀ wé ti ìlú mìíràn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà á sọ́wọ́ lọ́dún 1948. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń fi í ka àrùn. Amẹ́ríkà fi í ka àrùn, ó sì tún fi í pinnu ẹni tí yóò sanwó.

Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn. 45378 ni colonoscopy tí wọn kò gé nǹkan kan níbẹ̀. 45385 ni èyí tí wọ́n fi wáyà róbótó gé kókó kúrò. Nínú nọ́ńbà méjèèjì, kò sí èyí tó sọ bóyá ara yín le koko tí ẹ kàn lọ yẹ ara wò, tàbí pé àìsàn ti ń bá yín jà tẹ́lẹ̀. Z12.11 ló ń sọ ìyẹn: àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Bí Z12.11 bá ṣáájú, tí wọ́n sì so àmì 33 mọ́ 45385, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdènà àrùn ni iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á san án láì jiyàn. Bí kóòdù mìíràn bá gba ipò iwájú, ọ̀rọ̀ di ti deductible.

R10.9 ló wà níwájú tèmi. Inú rírun tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Àmì 33 kò sí níbì kankan.

Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan tí mo fi ń wò ó. Inú wo ló ń run mí? Mo wá rántí nọ́ọ̀sì tó gbà mí lálejò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin dáadáa ni, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní ṣé inú kì í yọ mí lẹ́nu? Mo ní tí mo bá jẹ ẹ̀wà lálẹ́, ó máa ń run mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, irú èyí tí èèyàn máa ń sọ kí ìjókòó má baà dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan tí kò rí mi rí, tí n kò sì lè rí, ka àkọsílẹ̀ náà, ó fi ẹ̀wà alẹ́ ṣe ìdí tí mo fi wá.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tó yẹ kí ẹni náà wò ni ìwé tí dókítà mi kọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, níbi tó ti sọ gbangba pé àyẹ̀wò ìdènà ni, pé ọjọ́ orí mi ló fà á. Ìwé yẹn wà nínú fáìlì. Ìlà tó kọ́kọ́ kàn án lójú ló mú.

Mo pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó lọ́dọ̀ dókítà náà. Obìnrin tó gbé fóònù sọ fún mi pé àwọn kì í yí kóòdù padà torí pé ẹni tí àwọn tọ́jú kò fẹ́ sanwó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo sùn lé e lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n bá ń yí kóòdù nítorí owó, jìbìtì ni, ẹ̀wọ̀n sì wà ńbẹ̀. Èmi náà ni n kò mọ bí a ti ń béèrè. Mo tún pè wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Mo ní kí wọ́n yẹ kóòdù náà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí dókítà fi rán mi wá, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà. (Òfin HIPAA fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ ìlera tiwa, ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti fi gbé e sílẹ̀, wọ́n sì lè fi 30 mìíràn kún un lẹ́ẹ̀kan péré tí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí.) Ọjọ́ 19 lẹ́yìn náà, wọ́n ní mo jàre. Wọ́n fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì, wọ́n fi nọ́ńbà 7 sí àyè tó ń sọ pé ìwé yìí ló rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n béèrè nípa nọ́ńbà 7 yẹn. Bí wọ́n bá kàn tún ìwé tuntun fi ránṣẹ́ láìsí i, kọ̀ǹpútà á ní òun ti rí i rí, á pè é ní àtúnkọ, á sì dá a padà.

Ìwé kan nìyẹn. Mẹ́ta ṣì kù, nítorí olúkúlùkù wọn ló kọ kóòdù tirẹ̀. Ẹni tó fún mi ní oògùn oorun kọ 00811, kóòdù fún gbogbo irú kámẹ́rà ìfun ìsàlẹ̀, dípò 00812 tó wà fún àyẹ̀wò ìdènà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò bá ìnṣọ́ránsì mi ní àdéhùn, èmi kọ́ ni mo sì yàn án. Mo ti dùbúlẹ̀ kó tó wọlé. Òfin No Surprises Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, ka irú èyí léèwọ̀: bí ibi tí ẹ lọ bá wà nínú àdéhùn, afúnni-lóògùn-oorun, láàbù tàbí awo-fọ́tò ara tó wà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ju ohun tí ẹ ì bá san fún ẹni tó wà nínú àdéhùn lọ, kò sì sí ìwé tí wọ́n lè ní kí ẹ fọwọ́ sí láti sọ ẹ̀tọ́ yìí nù. Mo dárúkọ òfin náà lórí fóònù, ohùn ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ sì yí padà. (Ẹ rántí pé ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lórí ilẹ̀, áńbúláǹsì, kò sí nínú òfin yìí. Ó yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì ń ká mi lára.)

Láàbù ló fi orí kunkun jù, títí mo fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 180 ni èèyàn ní láti ọjọ́ tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi kọ̀ láti sanwó, bá dé. Bí ó bá jẹ́ ìtọ́jú tí ẹ ti gbà tán, ọjọ́ 60 ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí wọ́n bá tún kọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìṣègùn tàbí òfin owó òjijì yẹn, ẹ lè ní kí aláyẹ̀wò tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ dá sí i láàárín oṣù mẹ́rin, ohun tí ẹni náà bá sọ sì de ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́. Tèmi kò dé ọ̀hún. Lẹ́tà ojú ìwé kan ni mo kọ: ọjọ́, nọ́ńbà ìwé ìbéèrè owó, kóòdù tí wọ́n kọ, kóòdù tí ìwé dókítà fi hàn pé ó yẹ, ẹ̀dà ìwé dókítà náà lẹ́yìn rẹ̀. N kò bẹ̀ wọ́n, n kò sì bú wọn. Oṣù méjì kò pé tí owó tó kù fi di òdo.

Ẹ má rò pé gbogbo bíìlì ló ní àṣìṣe. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó láti ìgbà náà, mo sì ti ní láti sọ fún àwọn kan pé owó yẹn tọ́. Èyí tó máa ń wọ́pọ̀ jù ni ti àyẹ̀wò ọdọọdún. Ẹ lọ ṣe é, 99396 ni tí ọjọ́ orí yín bá wà láàárín 40 sí 64, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ ṣe ń wọ bàtà lẹ ní, "Dókítà, orúnkún mi yìí ń dùn mí o." Dókítà jókòó padà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ oògùn. Ìtọ́jú mìíràn nìyẹn lábẹ́ òfin kóòdù: 99213, pẹ̀lú àmì 25 tó ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ọjọ́ kan náà ni a ṣe é. Ẹ ó san owó lórí rẹ̀. N kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí kì í ṣe gbogbo dókítà ló ń kìlọ̀ kó tó jókòó padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe. Bí bíìlì tó tọ́ bá sì wúwo ju agbára yín lọ, bí ọsibítù náà kì í bá ṣe ti olókòwò, òfin sọ pé kí wọ́n ní ètò ìrànwọ́ owó tí wọ́n kọ sílẹ̀, ọjọ́ 240 láti ọjọ́ bíìlì àkọ́kọ́ lẹ ní láti béèrè fún un. Ìtìjú kò sí nínú bíbéèrè. Mo ti rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí wọ́n pa bíìlì rẹ̀ rẹ́ pátápátá.

Ó di ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì.

Láyé àwọn bàbá wa, ọjọ́ keje ni a ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Àwọn tiwa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ronú orúkọ fún wọn, wọ́n mú un tọ̀run wá. Ṣùgbọ́n ọsibítù kò dúró de ọjọ́ kẹjọ. Wákàtí àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ "Baby Girl A" àti "Baby Girl B" sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní kóòdù kan náà, Z38.30: ọ̀kan nínú ìbejì, ó bí láàyè, ìyá fúnra rẹ̀ ló bí i. Ọjọ́ ìbí kan náà, orúkọ ìdílé kan náà, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ilé kan náà, nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì bàbá kan náà, òru méjì kan náà, iye kan náà. Kò sí ohun tó ya ìwé Kẹ́hìndé sọ́tọ̀ sí ti Táyé ju lẹ́tà B kan ṣoṣo lọ.

A jókòó sí yàrá àbúrò mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Òun ló ni ìnṣọ́ránsì, nítorí náà wọn kò lè bá mi sọ̀rọ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ fún wọn láṣẹ. Ó fún wọn láṣẹ lórí fóònù, a sì tan ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa máa gbọ́. Mo kọ orúkọ obìnrin tó gbé e, aago tó gbé e, àti nọ́ńbà tí wọ́n fún ìpè náà. Ẹ máa kọ nọ́ńbà ìpè yẹn sílẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ní àwọn kò rí i pé ẹ pè rí, òun ni ẹlẹ́rìí yín.

Mo ní kó ka kóòdù ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọsibítù fún mi. Ó ní OA-18. 18 ni àtúnkọ. OA yẹn ni mo ń dúró dè. Lẹ́tà méjì ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà ìkọ̀sílẹ̀: PR túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n tọ́jú ló jẹ owó náà, OA túmọ̀ sí pé ìdí mìíràn ni wọn kò fi san, wọn kò sọ pé ẹni tí wọ́n tọ́jú ló jẹ ẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kò yẹ kí wọ́n kọ ọ́ rárá.

Obìnrin náà wá ń wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi pé, ọmọ mélòó lẹ bí? Ó ní méjì. Ó dákẹ́. A ń gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ̀wé. Ó ní òun rí i báyìí. Lórí ìnṣọ́ránsì, nọ́ńbà 03 ni Táyé, 04 ni Kẹ́hìndé, nítorí àbúrò mi ti fi orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ. (Ọjọ́ 30 péré ni ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ń fún òbí láti ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó kọjá.) Ṣùgbọ́n ìwé "Baby Girl A" àti "Baby Girl B" ti wọlé kí orúkọ tó dé, kọ̀ǹpútà sì kó àwọn méjèèjì sábẹ́ 03. Ó tún kù díẹ̀: orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí ni Taiwo, èyí tí wọ́n tẹ̀ níbi iṣẹ́ ni Taiye. Lójú wa, ọmọ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ kẹta ti fẹ́ wọ inú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń retí ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pinnu bí ẹ ó ṣe máa kọ orúkọ náà ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo.

Ó ní kí a fi ìwé ẹ̀rí ìbí méjèèjì ránṣẹ́, òun yóò dá ìwé náà padà sẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ 04. A tún pe ọsibítù ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a ní kí wọ́n dá gbogbo ìbéèrè owó dúró nítorí ìnṣọ́ránsì ń tún un wò, kí wọ́n má sì gbé e fún agbowó-gbèsè. Ẹni tó dáhùn béèrè bóyá a lè san díẹ̀ ná. Àbúrò mi wò mí. Ó ní rárá, Mà, a ò ní san. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà. A pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i láàárín rẹ̀, a sì ń ka nọ́ńbà ìpè àkọ́kọ́ fún wọn nígbà gbogbo. EOB tuntun dé ní ọjọ́ Ẹtì kan. Ìnṣọ́ránsì ti san ti ọsibítù, iye tí ìdílé náà sì gbọ́dọ̀ san lọ́dún yẹn ti pé tẹ́lẹ̀ láti ara bíìlì ìbímọ ìyá wọn, nítorí náà òdo ló wà ní àyè tó kan àbúrò mi.

Màmá ní kí n mú ìwé náà wá. Wọn kò béèrè iye owó. Wọ́n ní kí n ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀ fún àwọn. Mo kà á, Kehinde. Wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Wọ́n gbé ọmọ náà pọ̀n padà, wọ́n sì lọ sí ilé ìdáná lọ gbé ẹ̀wà kaná.